Fóònù Yí sí Ìbú, Iṣẹ́ Kò Gbọdọ̀ Padà sí Òdo

Ní oṣù Kẹjọ, nígbà tí Arugbá bá ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etí odò Ọ̀ṣun, ọwọ́ tó máa ń gbé fóònù sókè láàárín èrò kì í ṣe kékeré. Ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń di fóònù mú ní ìbú, kí fídíò lè gba gbogbo ènìyàn. Tí wọ́n bá ká a tán, wọ́n á ṣí áàpù, wọ́n á tẹ bọ́tìnì pé kó máa gbé fídíò náà lọ, wọ́n á wá yí fóònù sí òró kí àtàǹpàkò lè rọrùn láti fi kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ rẹ̀. Ibi yíyí yẹn gan-an ni ọ̀ràn wà. Nínú áàpù tí a kò kọ dáadáa, ìlà tó ń fi hàn bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, tó ti dé ìdá 70 nínú 100, á fò padà sí òdo. Nígbà mìíràn kò tilẹ̀ ní padà: ẹ̀dà méjì iṣẹ́ kan náà ni yóò máa lọ pọ̀, dátà á sì máa jó lọ́nà méjì. Fídíò ìṣẹ́jú kan péré ní 1080p lè kọjá 100 MB lórí ọ̀pọ̀ fóònù. Owó ẹni tó ra dátà ni àṣìṣe wa ń ná, ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ẹni tó bá ń kọ áàpù fún ará Òṣogbo gbọ́dọ̀ ka ọ̀rọ̀ yìí sí ọ̀rọ̀ owó kó tó kà á sí ọ̀rọ̀ kóòdù.

Ohun tí Android ń ṣe nígbà tí fóònù bá yí kò fara sin. Activity, ìyẹn ojú ewé áàpù tó wà lójú fóònù, á pa á, á sì bí òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ti àtijọ́ á gba onPause, onStop àti onDestroy kọjá, àwọn ìpè tí Android ń fi sọ fún un pé ó ń lọ. Tuntun á gba onCreate, onStart àti onResume wọlé. Kí ti àtijọ́ tó lọ, onSaveInstanceState á fún un láyè láti di ẹrù kékeré sílẹ̀ fún arọ́pò rẹ̀. Lórí Android àtijọ́, èyí máa ń ṣẹlẹ̀ ṣáájú onStop. Láti Android 9 wá, lẹ́yìn onStop ni. Ìdí tí Android fi ń pa Activity kó sì tún un bí ni pé ohun tí ìbú ń lò lè yàtọ̀ sí ti òró. Bí ẹ bá fi ètò ojú ewé mìíràn sínú layout-land (fódà ti ìbú), Activity tuntun ni yóò mú un lò. Ọ̀nà kan náà ni ó ń gbà mú ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde láti inú values-yo (fódà ọ̀rọ̀ Yorùbá) nígbà tí ẹni tó ni fóònù bá yí èdè padà. Ẹ ò rí i pé yíyí fóònù nìkan kọ́ ló ń fa èyí: kí ènìyàn sọ ojú fóònù di dúdú lálẹ́, kó fẹ ìwọ̀n lẹ́tà, kó pín ojú fóònù sí méjì fún áàpù méjì, kó ṣí fóònù tó ń ká, gbogbo rẹ̀ ló lè pa Activity kó sì tún un bí. Yíyí wulẹ̀ ni èyí tó máa ń kọ́kọ́ tú àṣírí.

Ẹ wo ìyá aláṣọ kan ní Ọjà Ọba. Oòrùn ká a mọ́ apá ọ̀tún, ó tú àtẹ rẹ̀ palẹ̀, ó tún un tẹ́ sábẹ́ ibòòji lápá òsì. Ọlọ́kadà tó ti gbé ìdì àdìrẹ fún lọ sí Òkè-Fíà kò ní torí pé àtẹ kúrò níbi tó wà kó wá ṣẹ́rí padà láti tún ẹrù gbé. Activity ni àtẹ yẹn. Iṣẹ́ tó ń lọ lábẹ́lẹ̀ ni ọlọ́kadà. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ nínú kóòdù tí mo máa ń kà ni pé wọ́n so ọlọ́kadà mọ́ ẹsẹ̀ àtẹ.

Nítorí náà, kí ẹ tó kọ ìlà kóòdù kan, ìbéèrè tó ṣáájú ni pé ta ló ni iṣẹ́ yìí, títí dìgbà wo ló sì gbọ́dọ̀ wà láàyè? Àwòrán tó ń jó díẹ̀ lójú fóònù, ti Activity ni. Bí Activity bá lọ, kó bá a lọ. Lílọ mú iye owó ọjà wá látorí sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń dá áàpù lóhùn láti òkèèrè) láti fi hàn lójú ewé gbọ́dọ̀ la yíyí já, ṣùgbọ́n bí ẹni náà bá ti fi ojú ewé yẹn sílẹ̀ pátápátá, kò sí ìdí fún un mọ́. ViewModel, àpótí ìsọfúnni tí kì í kú bí fóònù bá yí, ló ni ín. Orin tàbí wàásù tó ń dún, tàbí áàpù tó ń ka ibi tí ọkọ̀ dé lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Òṣogbo, gbọ́dọ̀ máa lọ bí iná ojú fóònù bá tilẹ̀ kú. Service, ìyẹn apá áàpù tó ń ṣiṣẹ́ láìní ojú ewé, tó gbé nótífíkéṣàn jáde ló ni ín. Fídíò ọjọ́ ọdún yẹn gbọ́dọ̀ dé ibi tó ń lọ kódà bí bátìrì bá tán lójú ọ̀nà tí wọ́n tún tan fóònù padà. WorkManager, ètò tó ń tọ́jú iṣẹ́ títí yóò fi parí, ló ni ín. Ìdajì wàhálà tí àwọn ènìyàn ń bá Service fà ni kì bá tí sí bí wọ́n bá ti gbé iṣẹ́ náà fún ViewModel tàbí WorkManager láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí Service fúnra rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ti ń yọ̀ jù. Ọ̀nà méjì ni a ń gbà gbé e dìde. Èyí tí a fi startService bẹ̀rẹ̀ á wà títí yóò fi pe stopSelf tàbí tí a ó fi pe stopService fún un. Èyí tí a fi bindService àti BIND_AUTO_CREATE gbé dìde kò ní ẹ̀mí tirẹ̀. Ẹ̀mí rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn tó so mọ́ ọn, nígbà tí ẹni ìkẹyìn bá sì tú okùn, ó kú. Ẹ wá fi yíyí fóònù sí i. Activity àtijọ́ tú okùn ní onStop. Tuntun kò tíì dé onStart, kò tíì so okùn tirẹ̀. Láàárín àlàfo kékeré yẹn, kò sẹ́ni tó so mọ́ Service mọ́, Android sì pè é sí onDestroy. Nígbà tí Activity tuntun bá so okùn, Service jòjòló tí kò mọ ohunkóhun ló bá pàdé. Ìdí nìyẹn tí orin fi ń bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, tí aago tó ń kà fi ń padà sí 0.

Àwọn kan á ní kí àwọn má tú okùn náà rárá. Ìyẹn burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Logcat, ìwé àkọsílẹ̀ Android, á kọ ọ́ gàdàgbà pé Activity "has leaked ServiceConnection" (ó lọ láìtú okùn), Android á sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé okùn náà. Ibi tó le jù ni kí Service di Activity àtijọ́ mú nínú ara rẹ̀, bóyá nítorí pé a fi lé e lọ́wọ́ kó lè máa tún ojú ewé ṣe. Activity tó ti kú yẹn kò ní kúrò nínú mẹ́mórì, òun àti gbogbo àwòrán tó gbé dání. Lórí fóònù tí RAM rẹ̀ jẹ́ 2 GB, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi rí i pé fóònù ti ń rìn bí ẹni tó ru ẹrù. Kí Service má mọ Activity kankan lórúkọ. Kó máa kọ ipò iṣẹ́ sínú StateFlow, bí ẹni ń kọ ọ́ sára pátákó ìkéde, kí Activity tó bá wà lójú fóònù lásìkò náà máa kà á.

Ojútùú tó dára fún orin àti irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni pé kí a bẹ̀rẹ̀ Service, kí a sì tún so mọ́ ọn. Nígbà tí ẹni náà bá tẹ bọ́tìnì, ẹ pe ContextCompat.startForegroundService. Inú bọ́tìnì ni kó wà, kì í ṣe inú onCreate. Màá padà sí ìdí rẹ̀. Service ní ìṣẹ́jú àáyá 5 láti pe startForeground kó sì gbé nótífíkéṣàn rẹ̀ jáde, bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ Android á pa áàpù náà. Nítorí náà, startForeground ni kó jẹ́ ohun àkọ́kọ́ nínú onStartCommand, ṣáájú kíka fáìlì, ṣáájú pípe sáfà. Lẹ́yìn èyí, kí Activity máa so okùn ní onStart kó sì máa tú u ní onStop. Fóònù yí, okùn já, Service kò kú, nítorí pé okùn nìkan kọ́ ló gbé e ró. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, kó pe stopSelf pẹ̀lú startId (nọ́ńbà àṣẹ) tó gbà, kí àṣẹ tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé má bàa bá ti àtijọ́ lọ. Bí ẹ bá sì fẹ́ dá a dúró nígbà tí ẹni náà bá jáde, ẹ bi isChangingConfigurations léèrè nínú onStop tàbí onDestroy kí ẹ tó ṣe é: bí ó bá dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, fóònù kàn ń yí ni, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan.

Ọ̀nà kejì wà tí mo fẹ́ràn nígbà tí Service kò bá nílò láti pẹ́ ju ojú ewé lọ: kí ViewModel fi applicationContext, èyí tó jẹ́ ti áàpù lódindi, so okùn, kó sì tú u nínú onCleared. ViewModel kì í kú nígbà tí fóònù bá yí, okùn náà kò sì ní já rárá.

Òfin Android lórí Service ti le sí i lọ́dọọdún, ẹni tó bá sì ń tẹ̀lé àpẹẹrẹ tó ti pẹ́ á kàn máa rí áàpù rẹ̀ tó ń ṣubú ni. Láti Android 8, áàpù tí kò sí lójú fóònù kò lè pe startService bó ṣe wù ú. Láti Android 12, kò lè bẹ̀rẹ̀ Service onínótífíkéṣàn látẹ̀yìn, àfi nínú àwọn ipò díẹ̀ tí wọ́n yọ̀ǹda. Android 13 ní kí áàpù tọrọ àyè POST_NOTIFICATIONS. Bí ẹni náà bá kọ̀, iṣẹ́ á máa lọ, ṣùgbọ́n nótífíkéṣàn kò ní hàn níbi tí ó ti mọ̀ ọ́n. Android 14 fẹ́ kí ẹ kọ irú iṣẹ́ náà sínú manifest (fáìlì tó ń ṣàpèjúwe áàpù fún Android), bí mediaPlayback (orin), location (ibi tí fóònù wà) tàbí dataSync (gbígbé dátà), pẹ̀lú àyè tó bá a mu. Android 15 sì fún dataSync ní wákàtí 6 péré nínú wákàtí 24: tó bá pé, ó pe onTimeout, bí Service kò bá sì pe stopSelf kíákíá, áàpù á kú.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ gbà pé òótọ́ ni tí kì í ṣe òótọ́: wọ́n rò pé Service ń ṣiṣẹ́ lórí thread tirẹ̀, ìyẹn ipa ọ̀nà tí iṣẹ́ ń gbà nínú áàpù. Rárá o. Orí main thread, níbi tí bọ́tìnì àti ojú ewé wà, ni onStartCommand ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ fi iṣẹ́ tó wúwo síbẹ̀, kí ẹni kan fọwọ́ kan ojú fóònù, kí ìṣẹ́jú àáyá 5 kọjá láìsí ìdáhùn, Android á béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá kí òun pa áàpù yín. Coroutine, iṣẹ́ Kotlin tó lè dúró kó tún máa lọ, lórí Dispatchers.IO (àwọn thread tó wà fún fáìlì àti nẹ́tíwọ̀ọ̀kì) ló yẹ kó gbé ẹrù náà.

Mo ní màá padà sí ọ̀rọ̀ onCreate. Gbogbo ìgbà tí fóònù bá yí ni onCreate ń ṣiṣẹ́. Bí àṣẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ bá wà nínú rẹ̀, yíyí 3 túmọ̀ sí àṣẹ 3 lórí ti àkọ́kọ́. Service fúnra rẹ̀ kì í di méjì, ṣùgbọ́n onStartCommand á gba àṣẹ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú startId tuntun, bí kóòdù inú rẹ̀ bá sì ń dá coroutine tuntun sílẹ̀ láìwo bóyá ọ̀kan ti ń lọ, mẹ́rin ni yóò máa sáré pọ̀.

Fún fídíò, dátà ló ṣòfò. Fún owó, ọ̀rọ̀ ti di ẹjọ́. Ẹ ro ti alájọ tó ń gba owó ọjọ́ kiri Ọ̀láìyá, tó ní áàpù tó fi ń kọ ọ́ sílẹ̀ tó sì fi ń fi owó ránṣẹ́. Ó tẹ bọ́tìnì, fóònù yí lọ́wọ́ rẹ̀, ojú ewé tuntun jáde, iye owó ṣì wà nínú àpótí rẹ̀, bọ́tìnì sì tún tàn yòò bí ẹni pé kò tíì tẹ nǹkan kan. Kí ni yóò ṣe? Á tún un tẹ̀ ni, kò sì jẹ̀bi. Ohun méjì ni ẹ ó ṣe sí i. Àkọ́kọ́, kí bọ́tìnì má ṣe pinnu ipò ara rẹ̀. Láti inú ViewModel ni kó ti máa gbọ́ bóyá iṣẹ́ kan ń lọ. Èkejì, èyí tí n kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni fò: ẹ dá UUID kan (nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí kò ní ẹ̀dà) sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbà tí fọ́ọ̀mù náà ṣí, ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú SavedStateHandle (àpótí kékeré tí kì í sọnù bí Android bá pa áàpù), kí ó bá ìbéèrè náà lọ sí sáfà. Bí sáfà bá rí UUID kan náà lẹ́ẹ̀kejì, kó má san owó mìíràn, kó kàn dá èsì àkọ́kọ́ padà. Bí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá tilẹ̀ já lẹ́yìn tí owó ti lọ ṣùgbọ́n tí èsì kò tíì dé, alájọ lè tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láìbẹ̀rù.

Kí ViewModel tó dé lọ́dún 2017, onírúurú ọgbọ́n la ń dá: onRetainNonConfigurationInstance, Fragment (apá ojú ewé) tí a fi setRetainInstance dì mú, àti AsyncTask tó máa ń di Activity mú títí iṣẹ́ yóò fi parí, tí wọ́n sì ti sọ pé kí a má lò ó mọ́ láti Android 11. Bí ẹ bá bá wọn pàdé nínú kóòdù àtijọ́, ẹ yọ wọ́n. ViewModel àti viewModelScope tó ń bá a tọ́jú iṣẹ́ ti tó. Ṣùgbọ́n ẹ má fún ViewModel ní agbára tí kò ní. Ó la yíyí já. Kò la ikú áàpù já. Bí ẹni náà bá gba ìpè, tó ṣí kámẹ́rà, tí mẹ́mórì fóònù kékeré rẹ̀ wá kún, Android lè pa áàpù yín pátá, ViewModel á sì bá a lọ. Ohun tó kù ni èyí tó wà nínú SavedStateHandle, nínú onSaveInstanceState, tàbí nínú fáìlì àti dátábéèsì. Ẹrù kékeré ni ti méjì àkọ́kọ́: ààyè tí Binder (ọ̀nà tí áàpù àti Android ń gbà fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ síra wọn) ní jẹ́ 1 MB, gbogbo ohun tí áàpù ń fi ránṣẹ́ lásìkò kan náà ló sì ń pín in lò. Ẹni tó bá fi àwòrán kan síbẹ̀ lè pàdé TransactionTooLargeException, àṣìṣe pé ẹrù ti pọ̀ jù. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ ni kí ẹ fi síbẹ̀, kí ẹrù gan-an wà nínú Room, dátábéèsì inú fóònù.

Ní ti fídíò wa, ẹ fi enqueueUniqueWork gbé e fún WorkManager, kí orúkọ iṣẹ́ náà jẹ́ nọ́ńbà ìdánimọ̀ fídíò, kí ẹ sì lo ExistingWorkPolicy.KEEP. KEEP ló ń sọ pé bí iṣẹ́ tó ń jẹ́ orúkọ yìí bá ti ń lọ, ẹ fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ yí fóònù bó ṣe wù yín, ọ̀kan ṣoṣo ni. Ẹ fi NetworkType.CONNECTED sí i kó má máa gbìyànjú nígbà tí kò sí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Ẹ sì fún ẹni náà láyè láti yan UNMETERED bí ó bá fẹ́ dúró de Wi-Fi. Data tí ẹ lè fi rán Worker (kóòdù tí WorkManager ń gbé ṣiṣẹ́) kò ju 10 KB lọ, nítorí náà ibi tí fáìlì wà ni ẹ ó fi rán an. Níbẹ̀ náà, ẹ ṣọ́ra: àyè láti ka URI (àdírẹ́sì fáìlì) tí ẹni náà yàn látinú fóònù rẹ̀ lè bọ́ lọ́wọ́ yín bí áàpù bá kú. Ẹ pe takePersistableUriPermission bí URI náà bá gbà á, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ da fídíò náà kọ sínú àpò áàpù kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Worker lásán ní ìṣẹ́jú 10 kó tó di pé wọ́n dá a dúró. Lórí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ọjọ́ ọdún, tí gbogbo ìlú ń fa ọ̀pá kan ṣoṣo, 100 MB lè má parí láàárín ìṣẹ́jú 10. Ẹ pe setForeground fún un, ṣùgbọ́n kí ẹ sì gé fídíò náà sí ègé 1 MB. Bí sáfà bá ti gba ègé kan, ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú Room, kí ìgbìyànjú tó kàn bẹ̀rẹ̀ láti ègé tó tẹ̀ lé e. Bí nǹkan bá já lẹ́yìn tí sáfà ti gba ègé 70, ègé 71 ni ẹ ó ti máa bá a lọ, 1 MB ló sì pọ̀ jù tí ẹni náà lè pàdánù. Lójú tèmi, gígé yìí ṣe pàtàkì ju yíyàn láàárín Service àti WorkManager lọ, nítorí pé òun nìkan ló dáàbò bo owó dátà nígbà tí gbogbo ètò yòókù bá kùnà.

Ẹ ó gbọ́ ìmọ̀ràn pé kí ẹ kọ android:configChanges="orientation|screenSize" sínú manifest kí ọ̀rọ̀ parí. Lóòótọ́, Activity kò ní kú mọ́ nígbà tí fóònù bá yí. Láti Android 3.2, orientation nìkan kò tó, screenSize gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e, àìmọ̀ èyí sì ń da àwọn kan láàmú títí dòní. Ṣùgbọ́n ẹ yí èdè padà, ẹ sọ ojú fóònù di dúdú, Activity á kú, àṣìṣe á sì jáde ní ihò mìíràn. Flutter, irinṣẹ́ Google fún kíkọ áàpù, kọ àkójọ gígùn irú èyí sínú manifest rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí pé òun fúnra rẹ̀ ló ń ya ojú ewé rẹ̀. Ó bá a mu níbẹ̀. Títi áàpù mọ́ òró náà kò ní pẹ́ di asán: fún áàpù tó bá ti ń fojú sun Android 16, ẹ̀rọ tí fífẹ̀ rẹ̀ tó 600dp (dp ni ìwọ̀n tí Android fi ń wọn ojú ẹ̀rọ) lápá tó kéré jù kò ní ka àṣẹ yẹn sí mọ́.

Ní ti Compose, irinṣẹ́ Android fún yíya ojú ewé, remember máa ń gbàgbé nígbà tí fóònù bá yí, rememberSaveable kì í gbàgbé. Iṣẹ́ tó bá wà nínú LaunchedEffect á kú pẹ̀lú Activity, nítorí náà ẹ má fi ìfiránṣẹ́ kankan síbẹ̀. Fún ìsọfúnni tó ń ṣàn látinú ViewModel, stateIn pẹ̀lú WhileSubscribed(5000) máa ń dúró ìṣẹ́jú àáyá 5 lẹ́yìn tí ẹni ìkẹyìn ti lọ kó tó dá orísun dúró. Yíyí fóònù kì í sábà pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà orísun kì í bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Ìdánwò ló kù. Ẹ tẹ Build number lẹ́ẹ̀méje nínú Settings kí Developer options lè jáde, kí ẹ sì tan "Don't keep activities". Ẹ má fi ọwọ́ yí fóònù, nítorí pé ọwọ́ kì í yí i lákòókò kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ fi adb shell (irinṣẹ́ tó ń pàṣẹ fún fóònù látorí kọ̀ǹpútà) pe settings put system accelerometer_rotation 0, lẹ́yìn náà user_rotation 1 fún ìbú àti 0 fún òró. Ẹ yí i ní ìgbà 3: lójú ẹsẹ̀ tí ẹ tẹ bọ́tìnì, nígbà tí iṣẹ́ dé àárín, àti nígbà tí èsì ń bọ̀. Èyí kẹta ló máa ń mú àwọn tó ń fi èsì hàn lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ Home, ẹ pe am kill pẹ̀lú orúkọ áàpù, ẹ tún un ṣí, kí ẹ wò bóyá ohun tí ẹni náà ti kọ ṣì wà níbẹ̀. Fún fídíò, ẹ pa dátà nígbà tí sáfà bá ti gba ègé 40, ẹ tún fóònù tàn, ẹ dá dátà padà. Ègé 41 ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ hàn nínú àkọsílẹ̀ sáfà. Fún Service orin, ẹ pe dumpsys activity services pẹ̀lú orúkọ áàpù lẹ́yìn yíyí 10: ServiceRecord kan ṣoṣo ni kí ẹ rí fún un. Ẹ wá dá orin dúró, ẹ jáde, ẹ tún un pè. Bí ó bá ṣì wà níbẹ̀, ẹnì kan kò pe stopSelf.